Nítorí Páàdì Méjì

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òṣèlú, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ epo. Ọ̀rọ̀ gẹ́ẹ̀mù ni. Ẹni tó bá ní gẹ́ẹ̀mù kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbàlagbà, kó ṣe sùúrù fún wa díẹ̀, torí gẹ́ẹ̀mù yìí ló fẹ́ tú àwa ọ̀rẹ́ mẹ́rin ká ní Daagbé níbí, lẹ́yìn nǹkan bí ogún ọdún tí a ti jọ ń bọ̀.

Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ilé gẹ́ẹ̀mù kan náà ló wò wá dàgbà. Ọ̀kan nínú wa ti di tíṣà báyìí, ọ̀kan ń ránṣọ, ọ̀kan ń tún ọ̀kadà ṣe, ẹnì kẹrin sì ń ra ọjà lọ́hùn-ún tà níhìn-ín, láàárín Ìdí-Ìrókò àti Ìgólò. Ẹni tó ni ilé gẹ́ẹ̀mù náà, Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo wa ń pè é, títí kan àwọn tó jù ú lọ. Lẹ́yìn ọdún Iléyá, Ẹ̀gbọ́n ránṣẹ́ pè wá. Ó ní òun fẹ́ ta tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ gẹ́ẹ̀mù, kí òun sọ ṣọ́ọ̀bù náà di ibi tí wọ́n ti ń ṣe mómò tí wọ́n sì ti ń cháàjì fóònù. Ó ní àwọn ọmọ kò wá mọ́, oníkálukú ti ní ilé gẹ́ẹ̀mù tirẹ̀ nínú àpò ṣòkòtò.

Télọ̀ wa ní òótọ́ ni Ẹ̀gbọ́n sọ, kó tà á. Oníṣòwò wa fò dìde, ó ní ta ló máa tà á? Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́jọ gbáko ni àwọn méjèèjì kò fi kí ara wọn.

Ẹ jẹ́ ká sọ bí ibẹ̀ ṣe rí kí ẹ lè mọ ohun tí à ń jà lé lórí. Yàrá kan ni, páànù ló bò ó lórí, bẹ́ǹṣì mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, tẹlifíṣọ̀n méjì tí ẹ̀yìn wọn yọ bí ikùn aboyún, jẹnẹrétọ̀ kan níta. Gẹ́ẹ̀mù ibẹ̀ ni PlayStation 2. Oṣù kẹta ọdún 2000 ni iléeṣẹ́ Sony gbé e jáde ní Japan, àwọn fúnra wọn sì sọ pé ó lé ní 160 mílíọ̀nù tí àwọn tà káàkiri ayé. Méjì nínú rẹ̀ ló dé ọ̀dọ̀ Ẹ̀gbọ́n. Tòkunbọ̀ ni méjèèjì, Èkó ni wọ́n gbà wá. 100 sẹ́fà ni a ń san fún ìdíje kan, ẹni tó bá fìdí rẹmi á dìde fún ẹlòmíràn.

Bọ́ọ̀lù nìkan ni à ń gbá. Winning Eleven ni orúkọ rẹ̀, ti iléeṣẹ́ Konami, òun náà ni wọ́n ń pè ní Pro Evolution Soccer ní Yúróòpù. Àmọ́ sídíì tó dé ọ̀dọ̀ wa, èdè Japan ni gbogbo ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀. Àwa ọmọ Daagbé, iléèwé Faransé ni a lọ. Àwọn ọmọ tó ń wá láti Ìdí-Ìrókò lọ́jọ́ Sátidé, iléèwé Gẹ̀ẹ́sì ni tiwọn. Kò sẹ́ni tó lè ka ẹyọ ọ̀rọ̀ kan. Ńṣe ni a ń há a sórí: "Sọ̀kalẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, tẹ róbótó, sún un sọ́tùn-ún lẹ́ẹ̀kan." Bí o bá ṣìnà, o ti wọ ibi tí o kò ní mọ̀ jáde nìyẹn, wọ́n á pa ẹ̀rọ náà tan. Orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù náà, a kò lè kà á. Irun orí wọn àti bí wọ́n ṣe ń sáré la fi ń dá wọn mọ̀.

Nítorí pé kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè inú rẹ̀, Yorùbá ni gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá yẹn. Ọmọ Ìdí-Ìrókò kò lè fi Gẹ̀ẹ́sì yangàn sí wa, àwa náà kò lè fi Faransé halẹ̀ mọ́ ọn. (Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi borí wa. Mànẹ́ẹ̀tì là ń pe ohun tí à ń dì mú gbá bọ́ọ̀lù náà, páàdì ni tiwọn. Nígbà tó yá, gbogbo wa di onípáàdì.) Kódà a ní ẹni tó ń ṣe bíi sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò, tí yóò dúró lẹ́yìn bẹ́ǹṣì, tí yóò máa ki ẹni tó gba bọ́ọ̀lù wọlé, tí yóò sì máa bú ẹni tí wọ́n gbá a wọlé fún. Òun ló di tíṣà lónìí.

Ìjà tó pọ̀ jù nílé gẹ́ẹ̀mù náà, orí Ọbáfẹ́mi Martins ni. Inter Milan ló wà nígbà yẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ yá nínú gẹ́ẹ̀mù náà débi pé bí o bá ti ju bọ́ọ̀lù síwájú rẹ̀, adigunjalè kò lè lé e bá. Àwọn ọmọ Ìdí-Ìrókò á ní ọmọ Nàìjíríà ni, àwọn ló ni ín. Àwa á ní irọ́ ni, ọmọ Yorùbá ni, gbogbo wa la jọ ni ín. Wọ́n á wá bi wá léèrè pé orílẹ̀-èdè tiyín dà nínú gẹ́ẹ̀mù? Ibẹ̀ ni ẹnu wa máa ń wọhò. Nàìjíríà wà nínú rẹ̀, Bẹ̀nẹ̀ kò sí.

Ó dun tíṣà wa tó bẹ́ẹ̀ tó fi jókòó ọjọ́ mẹ́ta, tó ń yí orúkọ ẹgbẹ́ kan padà sí Bẹ̀nẹ̀, tó ń yan aṣọ aláwọ̀ ewé fún wọn, tó ń fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan lórúkọ. Orúkọ àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà nínú wọn. Ó kù kó tẹ ibi tí yóò ti fi í pamọ́ sínú mẹ́mórì, iná lọ. Nígbà tí iná dé, mẹ́mórì náà kò ṣí mọ́. Títí di òní, bí a bá fẹ́ mú un bínú, a kàn ní láti sọ pé, "Tíṣà, Bẹ̀nẹ̀ ọjọ́sí ńkọ́?"

Ó yẹ ká sọ̀rọ̀ fóònù náà, kí ẹ má baà rò pé ọ̀tá fóònù ni wá. A gbá ejò inú Nokia 3310 títí àtàǹpàkò fi bó. Nígbà tí fóònù oníṣíìmù méjì dé, àwa ará ẹnu bodè la mọ iyì rẹ̀ jù. Iléeṣẹ́ tó ni Tecno, Transsion láti ìlú Shenzhen ní Ṣáínà, ọdún 2006 ló bẹ̀rẹ̀. Wọ́n rí i pé àwa ará Áfíríkà máa ń ní ṣíìmù méjì, kí ìpè má baà gbówó lórí, wọ́n sì ṣe fóònù tó gba méjèèjì. Tiwa ní Daagbé tún yàtọ̀ sí ìyẹn. Ṣíìmù kan ti Bẹ̀nẹ̀, ìkejì ti Nàìjíríà, nítorí ẹ̀gbọ́n wà lápá kan, ọkọ wà lápá kejì. Oníṣòwò wa ní òun kò lè gbà kí ẹnikẹ́ni fún òun ní iPhone oníṣíìmù kan, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́. Àwa mẹ́ta yòókù gbà pé irọ́ ni, á gbà á. Àmọ́ ohun tó ń sọ yé wa.

Ó ku ọ̀rọ̀ tó dá ìjà sílẹ̀ gan-an. Télọ̀ ní fóònù ló kó àwọn ọmọ kúrò nílé gẹ́ẹ̀mù. Oníṣòwò ní kì í ṣe fóònù, bodè ni. Ó rán wa létí pé oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni Nàìjíríà ti bodè ilẹ̀ pa. Nígbà tí wọ́n máa ṣí díẹ̀ nínú rẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2020, Ìdí-Ìrókò kò sí nínú rẹ̀. Oṣù kẹrin ọdún 2022 ni wọ́n tó fàṣẹ sí i pé kí wọ́n ṣí i. Ẹ ka iye Sátidé tó wà láàárín ìyẹn. Àwọn ọmọ tó yẹ kí wọ́n máa wá jókòó ti àwọn ọmọ wa ti dàgbà kọjá ìdí gẹ́ẹ̀mù. Àwọn àbúrò wọn kò tiẹ̀ mọ ọ̀nà. Ìgbà tí ẹni tí wọn yóò bá figagbága kò wá mọ́ ni àwọn ọmọ tiwa náà gbé fóònù.

A ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn, a rí i pé Oníṣòwò ló sún mọ́ òótọ́ jù. Ṣùgbọ́n Télọ̀ náà kò ṣìnà pátápátá. Ẹ wo àwọn ọmọ mẹ́rin tó máa ń jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bẹ́ǹṣì kan náà ni wọ́n jókòó lé. Ọ̀kan ń gbá eFootball, ìyẹn Winning Eleven àtijọ́ tí Konami yí orúkọ rẹ̀ padà ní ọdún 2021 tí wọ́n sì sọ di ọ̀fẹ́. Àwọn yòókù ń ta ìbọn nínú Free Fire. Ẹni tí èkíní ń bá gbá bọ́ọ̀lù lè jẹ́ ará Brazil. Ìyanu ni, a kò bú u. A ò bá ti fi apá kan rà á nígbà tí a wà lọ́mọdé. Ohun tó ń bí wa nínú ni pé ohùn kò jáde. Okùn wà létí kálukú. Ọmọ gbá bọ́ọ̀lù wọlé, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó tán. Kò sẹ́ni tó kì í.

Oníṣòwò ní kí a dán nǹkan kan wò kí Ẹ̀gbọ́n tó tà á. Tíṣà ní Iwájú nínú láptọ́ọ̀pù rẹ̀, bátánì aláwòrán tí Disney àti àwọn ọmọ Kugali jọ ṣe, tó jáde ní oṣù kejì ọdún 2024. Èkó ọjọ́ iwájú ni wọ́n fi ṣe é, ìpín mẹ́fà. A gbé láptọ́ọ̀pù náà sílé gẹ́ẹ̀mù lálẹ́ Sátidé kan, a pe àwọn ọmọ. Oníṣòwò bá ìyá kan tí wọ́n jọ ń ná ọjà sọ̀rọ̀, ó sì mú ọmọ rẹ̀ méjì wá láti Ìdí-Ìrókò.

Orúkọ rẹ̀ Yorùbá ni, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìṣẹ́jú márùn-ún kò tíì pé tí àwọn ọmọ wa fi ń wo ara wọn. Kí Tíṣà tó dìde kó máa túmọ̀ ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Ìdí-Ìrókò ti bẹ̀rẹ̀: "Bàbá rẹ̀ ló fún un ní alángbá yẹn, kì í ṣe alángbá gidi o, ẹ̀rọ ni, òun ló ń ṣọ́ ọ." Ariwo sọ. Alángbá ṣe! Alángbá tí a ń sọ lókò ni ọmọ olówó ń gbà bí ẹ̀bùn ọjọ́ìbí. Ọ̀kan ní bí ó bá jẹ́ òun ni, ajá ni òun máa béèrè. Òmíràn ní alángbá dáa jù, kì í jẹun. Wọ́n fẹ́ràn Kole ju Tola lọ, nítorí Kole mọ ẹ̀rọ tún ṣe, ó sì jọ ẹni tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà wa. Nígbà tí a máa fi wo ìpín kejì, ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ohun tí láptọ́ọ̀pù ń sọ mọ́. Àwọn ọmọ náà ti gba eré náà ṣe.

Ẹ̀gbọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò sọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ kejì ló ní kí á wá kí a jọ ṣírò owó.

Owó àjọ wa ni a kó. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí náírà ti já wálẹ̀, sẹ́fà tiwa ń ra nǹkan dáadáa ní Èkó. Kò yẹ kí inú wa máa dùn sí ìyẹn, a ní ará lọ́hùn-ún tó ń jìyà rẹ̀. Àmọ́ òun náà ni agbára wa fi ká PlayStation 4 àlòkù kan, irú èyí tó jáde ní ọdún 2013, pẹ̀lú páàdì méjì. Ẹni tó tà á fún wa búra pé kò ní àléébù. A délé, a rí i pé ọ̀kan nínú páàdì náà ń rìn fúnra rẹ̀. O kò tíì fọwọ́ kàn án, agbábọ́ọ̀lù rẹ ti ń lọ sápá òsì bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Àwọn ọmọ ti sọ ọ́ ní Páàdì Ọ̀mùtí. Ẹni tó bá jẹ gbèsè ni wọ́n ń gbé e fún.

A kò lè sọ pé ilé gẹ́ẹ̀mù ti kún bíi tàtijọ́. Mómò wà ní igun kan, iná fóònù wà ní igun kejì, Ẹ̀gbọ́n ní láti jẹun. Àmọ́ lọ́jọ́ Sátidé, ọmọ márùn-ún tàbí mẹ́fà ń rọ́nà kọjá bodè wá, àwọn tiwa ń dúró dè wọ́n. Télọ̀ àti Oníṣòwò ti ń kí ara wọn. Télọ̀ tiẹ̀ ran ìbòrí fún tẹlifíṣọ̀n nítorí eruku, ó sì gba owó rẹ̀ pé.

Sátidé àkọ́kọ́ gan-an ni ìjà tuntun bẹ́ sílẹ̀. Àwọn tiwa fẹ́ kí ẹ̀rọ náà wà ní èdè Faransé, àwọn ọmọ Ìdí-Ìrókò ní Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn fẹ́. Yorùbá kò sí lára èdè tí wọ́n kó sínú rẹ̀, a ti wá a títí. Bí èyí bá yí i síhìn-ín, tọ̀hún á yí i padà. Ẹ̀gbọ́n gba páàdì lọ́wọ́ wọn, ó tẹ̀ ẹ́ lọ tẹ̀ ẹ́ bọ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ ojú tẹlifíṣọ̀n yí padà di èdè Japan. Ó gbé páàdì lé wọn lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n máa há a sórí. Bẹ́ẹ̀ ló ṣì wà di òní.