A Lọ Ka Ẹyẹ ní Sango

Bí ẹnìkan bá ní òun ń lọ wo ẹyẹ, ẹ ó rò pé Yankari tàbí Obudu ló ń lọ. Sango-Ọ̀tà ni àwa lọ, ní Sátidé kan nínú oṣù Kọkànlá, àwa mẹ́jọ, sáàárín àwọn ilé iṣẹ́. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí a fi wọ ọkọ̀ ní Ìyànà-Ìpájà, torí tí oòrùn bá ti le, ẹyẹ á ti sá sábẹ́ ewé.

Ẹ̀gbọ́n tó kó wa lọ ń ṣe másításì nínú ìmọ̀ ẹranko. Ó ń kópa nínú Nigerian Bird Atlas Project, iṣẹ́ tí ilé ìwádìí ẹyẹ A.P. Leventis ní Jos ń bójú tó. Wọ́n pín gbogbo Nàìjíríà sí ojú ilẹ̀ kéékèèké, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bí kìlómítà 9 ní òró àti ìbú. Ẹni tó bá fẹ́ ka ojú ilẹ̀ kan gbọ́dọ̀ lo wákàtí 2 níbẹ̀, ó kéré tán, kó sì máa tẹ orúkọ ẹyẹ kọ̀ọ̀kan tó bá rí, tàbí tó bá gbọ́ ohùn rẹ̀, sórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n ní kò ṣòro láti rí ẹni tí yóò lọ ka ẹyẹ inú igbó ọba. Ibi tí èéfín ilé iṣẹ́ wà ni kì í wu èèyàn lọ.

A ò tíì ka ẹyẹ márùn-ún tí wàhálà fi dé. Ẹni mẹ́jọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé iṣẹ́, wọ́n gbé bàìnọ́kúlà sójú. Kí ni ará Ọ̀tà máa rò? Àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì lórí ọ̀kadà bi wá ta ló ta ilẹ̀ fún wa. Bàbá ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilé iṣẹ́ náà ló gbà wá sílẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Ẹyẹ la wá kà."

"Ẹyẹ? Ta ni ẹyẹ rẹ̀ sọ nù?"

Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, òun fúnra rẹ̀ ló mú wa lọ sí àbàtà tó wà lẹ́yìn ilé iṣẹ́. Omi dúdú ń gba inú gọ́tà wọ ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ omi ẹ̀gbin ilé iṣẹ́ kì í ṣe tuntun l'Ọ̀tà. Àwọn olùwádìí ti kọ̀wé púpọ̀ lórí ti odò Àtúwàrá. Síbẹ̀, ẹyẹ kún àbàtà náà. Lékeléke funfun báláú dúró sínú omi yẹn, àwòdì ń rábàbà lókè. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àwọn méjèèjì máa ń pọ̀ lọ́dọ̀ wa ní gúúsù, ọyẹ́ sì ti ń wọlé bọ̀. Ẹnìkan kígbe pé òun rí ẹlúlùú. Gbogbo wa la mọ òwe rẹ̀, àti òjò tó ń pè sórí ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ọ̀pọ̀ wa fojú kan ẹyẹ náà gan-an: ìyẹ́ pupa rúsúrúsú, ojú pupa, ìrù gígùn, kò sì kánjú rárá.

Èyí tó wú mi lórí jù ni alápàáńdẹ̀dẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ní kí a wo ọ̀fun wọn dáadáa. Àwọn tí ọ̀fun wọn pọ́n, tí ọ̀já dúdú sì wà láyà wọn, Yúróòpù ni wọ́n ti ń bọ̀. Ẹyẹ tí kò wúwo ju nǹkan bí gíráàmù 20 lọ fò kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà, tó ju kìlómítà 1,500 lọ láti àríwá dé gúúsù, ó wá bà sórí wáyà iná ní Sango. (Kò sí iná lọ́jọ́ náà.) Ní Ebbaken, ní Ìpínlẹ̀ Cross River, wọ́n máa ń sùn pọ̀ nínú koríko, tí iye wọn ń ju mílíọ̀nù kan lọ. Tiwa ò ju mọ́kànlá. Ní apá kejì àbàtà náà, típà ń da yanrìn sílẹ̀. Bàbá ní wọ́n fẹ́ kọ́ ilé ìkẹ́rùsí síbẹ̀.

Bàbá náà ló bi wá bóyá a rí igún. Ó ní nígbà tí òun kọ́kọ́ dé Sango, orí òrùlé odò ẹran ni wọ́n máa ń tò sí láràárọ̀, tí wọ́n á máa dúró de ìfun. Ọdún wo ni wọ́n lọ? Kò lè sọ. Ta ló fẹ́ sọ, nígbà tí kò sẹ́ni tó ń kà wọ́n? Ní ọdún 2015, àjọ IUCN fi irú igún yìí sára àwọn ẹ̀dá tó kù díẹ̀ kí wọ́n parun. Májèlé wà lára ohun tó fà á, títà wọ́n fún oògùn náà sì wà níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ ká wojú ẹlòmíràn. Ẹ dé ìsọ̀ àwọn tó ń ta orí ẹyẹ gbígbẹ lọ́jà wa.

Irú ẹyẹ 34 la kà kó tó di ọ̀sán. Bàbá ní kí a fi igún kún un. Ẹ̀gbọ́n ṣàlàyé pé ohun tí a bá rí tàbí tí a bá gbọ́ lónìí nìkan ni fóònù ń gbà.

"Ó dáa," ni bàbá wí. "Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé. Ẹ wá ibòmíràn kọ ọ́ sí."

A máa padà lọ ní oṣù Kejì, kí yanrìn tó bo àbàtà náà tán. Ẹni tó bá fẹ́ bá wa lọ, kó mú bàtà òjò dání.