Àlejò Ọjọ́ Kérésìmesì

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé tí ẹ ń ka ìwé ọdọọdún yìí, ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe ohun ńlá. Ọ̀rọ̀ àkàrà òyìnbó ni, àti ọ̀rọ̀ eré tí a fi ń dá àlejò lára yá nínú ilé ní àkókò Kérésìmesì. Bí ẹnìkan bá wí pé ọ̀rọ̀ obìnrin ni èyí, èmi kò ní bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n kí ó ní sùúrù kà á dé òpin, nítorí ọkùnrin méjì wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí ìyá wa wà láàyè, ilé wa ní Abẹ́òkúta ni gbogbo ẹbí í wọ́ sí ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá. Bí ó bá ti ku ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún ni òórùn òróró gbígbóná yóò ti gba àdúgbò kan. Ṣín-ṣín ni ìyá wa máa ń kọ́kọ́ ṣe, nítorí ó lè pẹ́ nínú agolo láì bàjẹ́. Yóò fi ọwọ́ ra bọ́tà mọ́ ìyẹ̀fun títí yóò fi dà bí gàrí. Yóò da ṣúgà, ẹyin àti ìwọ̀nba mílíìkì sí i. Yóò sì pò ó kí ó le, nítorí bí ó bá rọ̀ jù, òróró ni yóò mu, ẹni tí ó bá sì jẹ ẹ́ yóò máa nu ọwọ́ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ìgò ni a fi ń yí i tẹ́ lórí tábìlì, ọ̀bẹ ni a sì fi ń gé e wẹ́wẹ́. Iṣẹ́ àwa ọmọ ni gígé náà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá gé tirẹ̀ ní ńláńlá, ìyá wa a bi í bóyá ilé ni ó fẹ́ fi bíríkì náà kọ́.

Ṣùgbọ́n kéèkì ni olórí gbogbo rẹ̀. Ìkòkò irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan wà tí ìyá wa jogún lọ́wọ́ ìyá tirẹ̀. Yóò da yanrìn gbígbẹ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, yóò gbé e ka iná èédú títí yanrìn náà yóò fi gbóná janjan. Lẹ́yìn èyí yóò to òkúta pẹlẹbẹ mẹ́ta sí inú rẹ̀, yóò gbé pánù kéèkì lé wọn lórí, yóò dé e, yóò sì kó ẹyín iná lé orí ìdérí. Iná wà nísàlẹ̀, iná wà lókè, yanrìn sì ń di ooru mú kí ó má ṣe kọ lu ìdí kéèkì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti lo ààrò onígáàsì láti ìgbà náà, mo sì mọ iyì rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi kò tíì rí èyí tí ó jẹ́ kí èèpo kéèkì rí bí ti ìkòkò náà.

Kí a tó dé ìdí iná, iṣẹ́ apá wà. Bọ́tà àti ṣúgà ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ṣíbí onígi lù pọ̀ títí yóò fi funfun tí yóò sì fúyẹ́. Kì í ṣe nítorí kí ṣúgà lè yọ́ nìkan. Afẹ́fẹ́ ni a ń kó sínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ náà ni yóò sì ran kéèkì lọ́wọ́ láti dìde nígbà tí ooru bá kàn án. Iṣẹ́ yìí kì í ṣe ti ọmọdé. Ẹ̀gbọ́n mi àgbà, tí à ń pè ní Bọ̀ọ̀dá Àgbà, ni í lu ú. Ẹ̀gbọ́n mi kejì a jókòó sílẹ̀, a fi ẹsẹ̀ méjèèjì há abọ́ náà mọ́ kí ó má baà yí. Bí apá ọ̀kan bá ro ó, wọn a pàrọ̀ ipò. Òfin kan ṣoṣo ni ìyá wa fi lélẹ̀ nígbà tí kéèkì bá ti wọ inú ìkòkò: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí ìdérí títí òun fúnra rẹ̀ yóò fi wí pé ó tó.

Ní òwúrọ̀ Kérésìmesì, kí ẹnìkan tó fi nǹkan kan ẹnu, abọ́ ní láti jáde. Àwọn Mùsùlùmí àdúgbò ni í kọ́kọ́ gba tiwọn, nítorí ẹran Iléyá wọn kì í yẹ̀ wá rí. Nígbà tí mo lọ ṣiṣẹ́ olùkọ́ ní Èkó ni mo rí i pé àwọn Àgùdà, àwọn tí baba ńlá wọn ti Brazil padà bọ̀, ní irú àṣà yìí ní ọjọ́ Jímọ̀ọ́ Rere: ẹ̀wà tí wọ́n sè, tí wọ́n lọ̀, tí wọ́n sì fi omi àgbọn sè lẹ́ẹ̀kejì, tí wọ́n ń pè ní frejon. Abọ́ rẹ̀ a máa kọjá láti ojúlé dé ojúlé. Àlejò tí kò lè wá, oúnjẹ ni a fi ń lọ bá a.

Ìyá wa kú ní ọdún 2014. Bí a ti sin ín tán ni ọ̀rọ̀ ilé bàbá wa dé. Bọ̀ọ̀dá Àgbà ní kí a tà á, nítorí òrùlé ti ń jò, kò sì sí ẹni tí yóò máa gbé ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kejì ní òun kò lè ta ilé tí a bí òun sí. Èmi kò ní dá ẹjọ́ náà níhìn-ín, nítorí àwọn méjèèjì ní ohun tí ó tọ́ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n wọ́n sọ ọ̀rọ̀ kan sí ara wọn tí kò yẹ kí ọmọ ìyá sọ, láti ọjọ́ náà ni ọ̀kan kì í sì í dúró níbi tí èkejì bá wà. Ọdún mẹ́rin kọjá. A kò tan iná lábẹ́ ìkòkò náà mọ́.

Nígbà tí ó di oṣù Kejìlá ọdún 2018, mo ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ìtàn bí ẹ̀sìn Kristi ti dé ilẹ̀ wa. Mo sọ fún wọn bí Thomas Birch Freeman, ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ti ti Abẹ́òkúta padà sí Àgbádárìgì ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ó ṣíwájú Kérésìmesì ọdún 1842, tí ó sì bá Henry Townsend ti CMS níbẹ̀. Ẹgbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó rán wọn. Ọmọbìnrin kan na ọwọ́ sókè, ó ní, “Mà, kí ni wọ́n jẹ?” Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà bá mi délé, ní alẹ́ ọjọ́ náà ni mo sì ránṣẹ́ sí àwọn ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì pé kí wọ́n wá bá mi ṣe Kérésìmesì ní ilé bàbá wa. Èmi kò sọ fún ọ̀kan pé èkejì ń bọ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀tàn ni.

Mo wá ìkòkò náà jáde, mo sì fi yanrìn fọ ìpẹtà rẹ̀. Mo wọn bọ́tà gíráàmù 250, ṣúgà 250, ìyẹ̀fun 250, mo sì mú ẹyin ńlá márùn-ún. Ìwọ̀n kan náà fún ohun gbogbo ni àwọn àgbà alásè Gẹ̀ẹ́sì fi ń ṣe irú kéèkì yìí. Èmi nìkan ni mo lu ú, apá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ já mi. Mo gbé e ka iná. Bí mo ti jókòó tì í, ẹ̀rù bẹ̀rẹ̀ sí í bà mí. Mò ń rò ó pé bí wọ́n bá dé tí wọ́n sì yí padà lẹ́nu ọ̀nà ńkọ́? Nínú àìbalẹ̀-ọkàn yìí ni mo ṣí ìdérí wò. Ọyẹ́ ń fẹ́ ní òwúrọ̀ náà. Atẹ́gùn tútù wọ inú ìkòkò nígbà tí àárín kéèkì kò tíì dì, ojú mi báyìí ni ó sì rì wọlẹ̀ bí kòtò. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sọkún.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi kejì ni ó kọ́kọ́ wọlé. Ó wo kéèkì náà, kò wí nǹkan kan. Ó gé ìbẹ́pẹ àti ọ̀pẹ̀-òyìnbó wẹ́wẹ́, ó kó wọn kún kòtò náà. Nígbà tí àwọn ọmọ rí i, wọ́n pariwo ayọ̀, wọ́n rò pé bí a ti fẹ́ kí ó rí nìyẹn. Mo ti ṣe é bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà, mo sì mọ̀ọ́mọ̀ ni.

Bọ̀ọ̀dá Àgbà dé lẹ́yìn ìsìn. Ó rí àbúrò rẹ̀ lórí àga, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà.

“Ìwọ ni o pè é?”

“Èmi ni mo pè wọ́n, Bọ̀ọ̀dá mi.”

“O kò sọ fún mi.”

“Bí mo bá sọ, ẹ kò ní wá.”

Ó jókòó, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni ó jókòó sí. A jẹun ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn oúnjẹ, mo kó àwọn ọmọ jáde sí àgbàlá. Wọ́n ṣe ẹkùn mẹ́ran, wọ́n ṣe bojúbojú títí eruku fi bo aṣọ ọdún wọn. Nígbà tí ó rẹ̀ wọ́n, mo pa àlọ́ fún wọn, mo sì rí i pé púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀ pé àgbàrá òjò ni ó ń kọjá lójúde ọba tí kò kí ọba. Ó dùn mí díẹ̀; ṣùgbọ́n ta ni ìbá kọ́ wọn, nígbà tí a kò pàdé?

Ọmọ Bọ̀ọ̀dá Àgbà ni ó rí ọpọ́n ayò bàbá wa lábẹ́ àtẹ̀gùn, ó gbé e wá, ó ní kí a kọ́ òun. Èmi kò mọ ayò ta. Ẹ̀gbọ́n mi kejì gbà á, ó ń pín ọmọ ayò sínú ilé méjìlá, mẹ́rin-mẹ́rin.

“Kò pé,” ni ó wí. “Mẹ́tàdínláàádọ́ta ni. Ọ̀kan ti sọnù.”

Láti ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ni a gbọ́ ohùn Bọ̀ọ̀dá Àgbà: “Fi òkúta kún un. Bàbá kì í dúró nítorí ẹyọ kan.” Ó sì dìde, ó fa àga rẹ̀ wá.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ayò mọ̀ pé èébú wà nínú rẹ̀ tí kì í bí ẹnikẹ́ni nínú. Ọ̀ta a máa pe ẹnìkejì ní ọ̀pẹ, yóò sì rẹ́rìn-ín. Bí ọmọ ayò tí ẹ fi parí bá sọ ilé ẹnìkejì di méjì tàbí mẹ́ta, ẹ ó jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bá gbófo pátápátá, dandan ni kí ẹ ta èyí tí yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ bí ẹ bá ní i, nítorí òfin kò gbà kí a fi ebi pa á. Bọ̀ọ̀dá Àgbà jẹ ọpọ́n kìn-ín-ní. “Ọ̀pẹ ni ọ́ síbẹ̀,” ni ó wí, àwọn ọmọ sì pa àtẹ́wọ́. Àbúrò rẹ̀ jẹ èkejì. Nínú ẹ̀kẹta, Bọ̀ọ̀dá Àgbà ti kó ọmọ ayò púpọ̀ jọ sí ilé kan, ó gbé ọwọ́ lé e, ó ń rò.

“Ẹ̀gbọ́n,” ni ẹ̀gbọ́n mi kejì wí, kò sì gbé ojú sókè, “ṣé ẹ ó ta ilé yìí ni, àbí ẹ ó fi í sílẹ̀?”

Gbogbo wa dákẹ́. Ìyàwó rẹ̀ wò mí, mo wo ilẹ̀.

Ó pẹ́ kí Bọ̀ọ̀dá Àgbà tó dáhùn. “A kì í kánjú ta ilé tí ọmọ pọ̀ nínú rẹ̀,” ni ó wí. Ó sì gbé ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀, ó ta òmíràn.

Wọn kò parí ọpọ́n náà, nítorí ọ̀nà Ìbàdàn jìn, ilẹ̀ sì ti ń ṣú. Mo di ṣín-ṣín sínú abọ́ funfun ìyá wa fún Bọ̀ọ̀dá Àgbà. Ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kìn-ín-ní, ọmọ rẹ̀ gbé abọ́ náà padà wá fún mi. Ọsàn wà nínú rẹ̀, àti ọmọ ayò kan tí wọ́n rà ní ọjà.

“Dádì ní kí ẹ yọ òkúta yẹn kúrò,” ni ọmọ náà wí.