Nígbà Tí Àlejò Ọ̀ṣun Ń Sùn Nínú Ilé Wa

Ìlú tí rélùwéè ti dé láti ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kò lè sọ pé òun kò mọ àlejò. Òṣogbo ti gba àlejò títí ó ti mọ́ ọn lára: àwọn oníkòkó, àwọn Hausa tó tẹ̀dó sí Sábó, àwọn akọ̀wé ilé ìtajà òyìnbó, àwọn aláṣọ tó ń ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá, àti àwọn tó kàn ń kọjá lọ tí ilẹ̀ ṣú bá ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin, tí ẹnì kan sì pè wọ́n wọlé. Ṣùgbọ́n àlejò tí ọkàn mi ń rò ni àlejò ọdún Ọ̀ṣun, nítorí mo mọ̀ ọ́n nígbà tó ń sùn lórí ẹní nínú ọ̀ọ̀dẹ̀ wa, mo sì ti pẹ́ láyé dé ìgbà tó ń sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì, tó ń fi fóònù wo ohun tó wá wò, tó sì ń padà lọ kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó béèrè orúkọ bàbá rẹ̀.

Bí oṣù kẹjọ bá ti ń sún mọ́lé láyé ìgbà náà, kò sí agbo ilé kan ní àdúgbò wa tí kì í tún ara ṣe. Àwọn obìnrin á fi ìgbẹ́ màlúù pa ilẹ̀ yàrá, wọ́n á fọ àmù omi, wọ́n á sá ẹní sóòrùn, wọ́n á ṣa igi ìdáná jọ sẹ́yìnkùlé. Ìyá bàbá mi ń bọ Ọ̀ṣun. Òun ni yóò rẹ àgbàdo sílẹ̀ fún ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, tí yóò sì ránṣẹ́ sí oko kí wọ́n bá òun já ẹ̀fọ́ yánrin bọ̀. Bàbá mi ń kírun ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́. Òun ni yóò sì fowó ra iṣu àti epo. Ẹnikẹ́ni kò rí ohun tó ṣàjèjì nínú èyí, torí ẹni tó ń bọ̀, àlejò gbogbo agbo ilé ni, ì báà wá fún òrìṣà, ì báà wá wòran.

Wọ́n á dé láti Ẹdẹ, láti Ìlobùú, láti Ìkìrun àti Ìrágbìjí, láti Iléṣà, Òkukù, Ìlá, àwọn kan nínú bọ̀lẹ̀kájà, àwọn kan nínú ọkọ̀ ojú irin, àwọn kan lórí ẹsẹ̀ wọn, tàwọn ti adìẹ tí wọ́n so lẹ́sẹ̀, ẹran ìgbẹ́ gbígbẹ tí wọ́n fi ewé dì, orógbó, obì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti ń pọ́n. Òórùn ìlú náà ni yóò kọ́kọ́ kí wọn, òórùn aró, torí ìlú aró ni wá lóòótọ́: ìkòkò aró ń bẹ lẹ́yìn ilé púpọ̀, ewé èlú tí wọ́n gún tí wọ́n sì mọ róbótó ń gbẹ lórí àpáta, eérú ń ṣẹ́ nínú àjàdì, àwọn ìyá aláró tí apá wọn dúdú títí dé ìgúnpá ń sá àdìrẹ ẹlẹ́kọ sórí okùn láti orí ilé kan dé èkejì. Ẹni tó bá sun òru kan ní Òṣogbo, aṣọ rẹ̀ á gbé òórùn yẹn padà sílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀. Àgbà kan nínú ilé ni yóò mú àlejò dání, tí yóò sọ fún un pé wọn kì í pẹja nínú odò Ọ̀ṣun yìí, wọn kì í pa ẹran inú igbó tó yí i ká, wọn kì í já ewé rẹ̀ láìgba àṣẹ, ibi báyìí ni kí ó gbà, ibi báyìí kò yẹ kí ó dé. Yóò sọ ìtàn Lárọ̀óyè àti Tìmẹ́hìn, àwọn tó tẹ ìlú wa dó, fún un, bí wọ́n ṣe ṣí kúrò ní Ìpólé nítorí àìríomi tí wọ́n sì bá Ọ̀ṣun pàdé létí odò, àti àdéhùn tó wà láàárín odò náà àti Àtáọ́ja, ọba ìlú wa, títí di òní. Àwọn bàbá wa máa ń sọ pé àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran, iṣẹ́ wa sì ni láti yá a ní ojú. Nítorí náà, nígbà tí Ìwọ́pópó, ìyẹn ìfọ̀mọ́ ìlú tó ń ṣí ọdún, bá bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n bá tan àtùpà olójúmẹ́rìndínlógún láàfin, nígbà tí Arugbá, ọmọbìnrin tó ń ru igbá ẹbọ lọ sódò, bá sì gbé igbá jáde lọ́jọ́ àṣekágbá, àlejò ti mọ ohun tí ó ń wò, ó mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó dákẹ́, ó mọ ìgbà tí ó lè bá wa gbe orin. Òun náà kì í wá lọ́wọ́ òfo. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni a ti ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ki oríkì tiwọn, oúnjẹ tí wọ́n ń sè tí àwa kò mọ̀, ọ̀ràn tó ń lọ láàfin ọba wọn. Ọ̀pọ̀ ìgbéyàwó ló ti ibẹ̀ yọ, àwọn ọmọ inú ìgbéyàwó wọ̀nyẹn ló sì di ìbátan wa ní Ìkìrun àti Ìlá lónìí.

Kí ẹ má rò pé oyin nìkan ló wà ńbẹ̀. Ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án: mo rántí bí ìyá mi ṣe ń san owó gààrí àti ẹran ọdún títí ìgbà ìkórè kòkó fi dé. Àwọn obìnrin tó ń dáná fún àlejò kì í sábà rí Arugbá rárá. Ìdí ààrò ni wọ́n ń wà tí ìlù fi ń kọjá lọ, èyí kò sì dára, a kò gbọdọ̀ pè é ní àṣà rere. Yàtọ̀ sí ìyẹn, àwa tí a ní igbó náà, a kò tọ́jú rẹ̀. Bí mo ṣe ń dàgbà, ikán ń jẹ ojúbọ, ọdẹ ń wọ ibi tí kò yẹ kí ọdẹ wọ̀, wọ́n ń jí àwọn ère àtijọ́ kó tà, wọ́n gé igi ìbílẹ̀ lulẹ̀ wọ́n sì gbin tíìkì dípò rẹ̀. Àwa tí a ti lọ sílé ìwé ń tijú pé kí wọ́n rí wa lẹ́bàá odò. Bí onígbá bá pe igbá rẹ̀ ní páàńkàrá, àwọn ará ìta á fi kólẹ̀.

Ẹni tó kọ́kọ́ kọ̀ láti fi igbá yẹn kólẹ̀, àlejò ni. Susanne Wenger, tí wọ́n bí ní Graz ní ilẹ̀ Austria ní 1915, dé Nàìjíríà ní 1950 pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, Ulli Beier. Ó gbé Ẹdẹ, ó gbé Ìlobùú, kó tó wá fìdí kalẹ̀ sí ilé alájà tó wà ní ojú ọ̀nà Ìbòkun, tí gbogbo wa mọ̀ sí ilé Àdùnní, torí Àdùnní ni ìlú ń pè é. Kò gbé bí arìnrìn-àjò. Ó wọnú ẹ̀sìn, ó kọ́ èdè, ó jẹ ohun tí à ń jẹ. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú wa ló bá ṣiṣẹ́: Adébísí Àkànjí, oníbíríkì, Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí, Kàsálì Àkàngbé, agbẹ́gilére, àwọn Mùsùlùmí ọmọ Mùsùlùmí wà nínú wọn. Pẹ̀lú amọ̀, sìmẹ́ńtì àti igi ni wọ́n fi tún ojúbọ gbé dìde. Ọba Adénlé, tó wà lórí ìtẹ́ láti 1944 sí 1975, dúró tì wọ́n. Ìjọba sọ apá kan igbó náà di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1965, ní 2005 sì ni UNESCO kọ orúkọ rẹ̀, gbogbo hẹ́kítà 75, mọ́ àwọn ogún tó jẹ́ ti gbogbo ayé. Súkúr nìkan ló ṣáájú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní oṣù kìíní ọdún 2009 ni Àdùnní kú, ní Òṣogbo náà. Oríṣìíríṣìí ọ̀rọ̀ ni àwọn ènìyàn sọ sí i nígbà ayé rẹ̀, mo sì gbọ́ wọn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí kì í bá ṣe ti òun àti àwọn ọmọ ìlú tó bá a fọwọ́ po amọ̀, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ì bá wà létí odò yẹn lónìí.

Lẹ́yìn náà ni àwọn tí a kò retí bẹ̀rẹ̀ sí í dé, àwọn ọmọ àwọn tí wọ́n tà lẹ́rú kọjá òkun: láti Brazil tí wọ́n ti ń pe Ọ̀ṣun ní Oxum, láti Cuba tí wọ́n ti ń pè é ní Ochún, láti Trinidad àti Amẹ́ríkà. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí obìnrin kan láti Bahia kúnlẹ̀ létí omi tó sì gbẹ́nu lé orin. Ọ̀rọ̀ inú orin náà ti bàjẹ́ lẹ́nu ìran dé ìran, ṣùgbọ́n àwọn ìyá arúgbó wa mọ ohùn rẹ̀, wọ́n gbè é lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo wọn sì sunkún. Ọmọ-ọmọ ọ̀kan nínú àwọn ìyá wọ̀nyí, tí kì í fẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mọ̀ pé olórìṣà ni ìyá àgbà òun, ló wá bá ìyá àgbà náà ní alẹ́ ọjọ́ náà pé kí ó kọ́ òun ní orin yẹn. Nígbà tí àwọn ènìyàn bá ń sọ fún mi pé ìbàjẹ́ ni ìrìn-àjò afẹ́ látòkèdélẹ̀, ọmọ yẹn ni mo máa ń rántí, n kì í sì í gbà fún wọn.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí a bá a dé. Bí oṣù kẹjọ bá ti wọlé, owó hòtẹ́ẹ̀lì ròkè, owó ọ̀kadà ròkè, ẹni tí kò bá gbọ́ Yorùbá sì máa ń san ìlọ́po ohun tí ọmọ ìlú ń san. Àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá na pátákó ìpolówó dé ibi tí wọ́n ń jó. Àwọn olóyè ìjọba ń fi fèrè ọkọ̀ lé àwọn ìyá olórìṣà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Arugbá, ọmọbìnrin tó yẹ kí a ṣí ọ̀nà fún, kí a sì gbàdúrà bó ṣe ń kọjá, àwọn ọkùnrin onípàṣán àti ọlọ́pàá ló ń là á gba àárín fóònù tí wọ́n nà sókè. Àwọn ọmọdé tí ó yẹ kí wọ́n máa gbé omi fún àlejò ń sá tẹ̀lé òyìnbó, wọ́n ń tọrọ owó, àwọn òbí wọn sì ń wò wọ́n. Àwọn ọ̀dọ́ kan ń mú àlejò kiri, wọ́n ń hun ìtàn tí kò sí ẹni tó sọ ọ́ fún wọn. Èyí tó burú jù ni àwọn tó wọ aṣọ funfun tí wọ́n ń dá iye dọ́là fún ọmọ tó ti òkè òkun wá wá orísun rẹ̀, tí wọ́n ń fún un ní oyè àti ìlẹ̀kẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì péré. Ọmọ yẹn ti fi ọdún púpọ̀ kówó jọ. Ẹni tí wọ́n ta baba ńlá rẹ̀ ní ọjọ́sí, kò yẹ kí a tún rí i bí ọjà.

Àlejò náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. Ó ń wá ní àárọ̀, ó ń lọ ní ìrọ̀lẹ́, ó rò pé nítorí tòun ni wọ́n ṣe ń lu ìlù. Ní 2020, nígbà tí àrùn kòrónà mú kí wọ́n dín èrò kù níbi ọdún Ọ̀ṣun, àwọn tó ni ètùtù ṣe é láìsí pátákó, láìsí kánópì, ètùtù sì pé. Àwọn oníṣòwò ló fojú winá ọdún náà, àwọn tó ń ta aṣọ, abẹ̀bẹ̀ idẹ, oúnjẹ àti ike omi, mo sì káàánú wọn gidigidi, torí ọjà ọdún Ọ̀ṣun ni púpọ̀ nínú wọn fi ń san owó ilé ìwé ọmọ. Síbẹ̀, àní nínú ọjà wọn, ẹ wò ó dáadáa: ọ̀pọ̀ àdìrẹ tí wọ́n ń tà fún àlejò ni ẹ̀rọ tẹ̀ ní ilẹ̀ òkèèrè, ìkòkò aró tó kù nílùú kò sì tó nǹkan mọ́.

Odò náà fúnra rẹ̀ wá ń kó mi lọ́kàn sókè ju gbogbo èyí lọ. Láti Ìgèdè-Èkìtì ló ti ń ṣàn bọ̀, ó ń gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wa góòlù, tí wọ́n ń da ẹrẹ̀ àti ìdọ̀tí ohun ìwakùsà sínú omi. Omi tí ìyá bàbá mi ń bù mu, tó fi ń wẹ ọmọ tuntun, ti pọ́n bí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ sì ti kìlọ̀ pé kí a má mu ún. Àwọn àlejò ṣì ń bù ú sínú kẹ́ẹ̀gì, wọ́n ń gbé e lọ fún àwọn ọmọ wọn.

Ẹ̀yin ará Òṣogbo, nílé àti lẹ́yìn odi, ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀ yín. Bí ọdún bá tún dé, kí agbo ilé kọ̀ọ̀kan gba àlejò kan, ì báà jẹ́ ará Èkó tàbí ará Bahia, kí ẹ fún un ní ibùsùn àti oúnjẹ alẹ́ àkọ́kọ́ láìgba kọ́bọ̀, kí àgbà ilé sì jókòó tì í kí ó sọ ìtàn náà fún un bó ṣe rí, lójú àwọn ọmọ, kí àwọn ọmọ náà lè gbọ́. Ẹni tó bá ń ta oyè òrìṣà fún àjèjì, kí Ìyá Ọ̀ṣun àti Àwòrò, àwọn olórí olórìṣà Ọ̀ṣun, pẹ̀lú Àtáọ́ja pè é síta. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe ìjọba ní Ọ̀ṣun àti ní Àbújá, ẹ dá àwọn awakùsà lẹ́kun ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kí odò náà lè mọ́ kí a tó tún pe ẹnikẹ́ni wá síbẹ̀.