Àwo Ṣówándé Dé Ìgàndó

Ní ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ Sony Classical kó àwo orin 10 jọ sínú àpótí kan, wọ́n sì gbé e jáde. Orin inú rẹ̀ kì í ṣe tuntun. Láàárín ọdún 1974 sí 1978 ni ilé-iṣẹ́ Columbia ti kọ́kọ́ ṣe wọ́n ní àwo ní Amẹ́ríkà. Paul Freeman, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, ni ó ṣe olùdarí iṣẹ́ náà. Wọ́n fẹ́ kí ayé mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí àwọn ènìyàn dúdú ti ń kọ irú orin tí a ń pè ní kíláásíkà, láti ayé Chevalier de Saint-Georges ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Nígbà tí ayé pa àwo dúdú ńlá tì, ó pẹ́ kí á tó tún rí àkójọ náà lódindi.

Orúkọ Yorùbá kan wà nínú àpótí yìí: Fẹlá Ṣówándé. Nígbà tí mo wà ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá ní yunifásítì, mo mọ orúkọ yìí nítorí iṣẹ́ tí ó ṣe lórí Ifá. Orin rẹ̀ ni n kò gbọ́ rí.

Ọdún 1905 ni wọ́n bí i. Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ni Emmanuel, baba rẹ̀, òun náà sì jẹ́ olórin. Láti kékeré ni Ṣówándé ti ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin Cathedral Church of Christ ní Marina, níbi tí T. K. E. Phillips ti ń tẹ dùùrù. Ó lọ sí Lọ́ńdọ́ọ̀nù ní àárín ọdún 1930 sí 1940. Níbẹ̀, ó ń tẹ dùùrù fún àwọn oníjó ní alẹ́, ó sì ń tẹ ẹ́ fún àwọn olùjọ́sìn ní ọjọ́ ìsinmi. Ní ọdún 1943, ó gba oyè tí ó ga jù lọ ní Royal College of Organists. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni ó kọ African Suite, orin alápá márùn-ún fún fáólìn àti àwọn ẹbí rẹ̀, pẹ̀lú háàpù. Ohùn orin ilẹ̀ wa ni ó fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ohùn apá àkọ́kọ́, Joyful Day, jẹ́ ti Ephraim Amu, ọmọ ilẹ̀ Gánà.

Mẹ́ta péré nínú apá márùn-ún náà ni Freeman gbà sílẹ̀ pẹ̀lú London Symphony Orchestra: Joyful Day, Nostalgia, àti Akinla. Ní Ìgàndó, ní alẹ́ ọjọ́ kan tí iná kò sí, tí ẹ̀rọ amúnáwá àdúgbò ń bú ramúramù, ni mo tẹ́tí sí wọn lórí fóònù mi. Nostalgia rọra ń lọ bí ẹni tí ó jókòó sí ojú fèrèsé ilé onílé, tí àárò ilé ń sọ ọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Akinla bẹ́ sílẹ̀.

Ìyá àgbà mi wà lórí àga rẹ̀. Ẹni ọdún 87 ni wọ́n, Olówógbówó ní Erékùṣù Èkó ni wọ́n dàgbà sí kí wọ́n tó kó lọ sí Sùúrùlérè, kí wọ́n tó wá kọ́lé sí ìhín. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n etí wọn mú.

"Ta ló ń ta Akínlà báyìí?"

"Ṣé ẹ mọ̀ ọ́n ni, Màámá?"

"Kí ló dé tí n kò ní mọ̀ ọ́n? Orin ijó wa ni. Àwọn tèmi yìí mọ̀ ọ́n ta, wọn ò mọ̀ ọ́n jó."

Wọ́n fi ìka lu apá àga láti fi hàn mí bí ó ṣe yẹ kí ó yára tó. Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ègbè rẹ̀. Nígbà tí ó kan lílé, wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n àwọn ni ó máa ń lé e, tí àwọn ń gbè é. Ẹ̀gbọ́n wọn ti papòdà láti ọdún 2011.

Èyí ni ó ká mi lára. Inú mi dùn pé àwọn tí ó tọ́jú orin náà sí ilẹ̀ òkèèrè kò jẹ́ kí ó bàjẹ́. Ní Kánádà, Akinla ni wọ́n fi ń ṣí Gilmour's Albums, ètò rédíò kan tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1956 tí ó sì parí ní 1997. Àìmọye ará ibẹ̀ ni yóò dá ohùn rẹ̀ mọ̀ lónìí. Ọ̀kẹ́sítírà CBC Vancouver náà gba apá márààrún sílẹ̀, Mario Bernardi ni ó darí wọn. Ṣùgbọ́n fáólìn kì í pe ọ̀rọ̀. Ohùn nìkan ni àwo lè dá padà fún wa. Ọ̀rọ̀ orin, ijó rẹ̀, àti ẹni tí ń lé e wà lọ́dọ̀ àwọn àgbà tí ó jókòó sí ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìkọ̀tún àti Ẹgbẹ́dá, kò sì sí ilé-iṣẹ́ tí yóò tún àwọn náà gbé jáde.

Mo ti gba ègbè Màámá sílẹ̀ lórí fóònù, ìlù orí àga náà sì wà níbẹ̀. Mo ti béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà akọrin méjì ní ìjọ wa. Ọ̀kan rántí ìlà kan. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, bí ẹ bá rí irú àwo àtijọ́ bẹ́ẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ má fi gbohùngbohùn sí etí ẹ̀yin nìkan. Ẹ ṣí i síta kí àgbà ilé yín gbọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe fún yín.

Màámá ní ọ̀rẹ́ wọn kan kù tí ó lè mọ lílé orin náà. Ẹgbẹ́dá ni ìyá náà ń gbé. Ní Sátidé tí ń bọ̀, a jọ ń lọ.