Ìbéèrè Alálùbọ́sà

Ẹgbẹ́ kan tí ń ṣe iṣẹ́ àánú níhìn-ín ní Sókótó, níbi tí mo ti ń ṣòwò láti ọjọ́ pípẹ́ wá, pe aṣojú ìjọba kan tí ó ti fẹ̀yìn tì kí ó wá bá wa sọ̀rọ̀ lórí ààbò àti àjọṣe àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ẹnu rẹ̀ dùn. Ó ròyìn bí a ti fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ECOWAS ní Èkó ní 1975, àti bí Niger, Mali àti Burkina Faso ti fi àjọ náà sílẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní 2025.

Bàbá alálùbọ́sà kan dìde. Ó ní, "Alàgbà, nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba ní Niger ní 2023, ẹ ti ẹnubodè Illela pa títí di 2024. Ọmọbìnrin mi wà nílé ọkọ ní Konni. Àlùbọ́sà mi jẹrà sínú ọkọ̀. Èwo nínú àwọn ológun náà ni ebi pa?"

Àlejò wa dáhùn pé ìtìpa ẹnubodè sàn ju ogun lọ, ogun ni àjọ náà sì ti fi halẹ̀. Òtítọ́ ni, ta ní fẹ́ ogun? Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ẹni tí yóò ti ilẹ̀kùn sáàárín bàbá àti ọmọ ì bá kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè. Bàbá náà kò tíì jókòó tí alága fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo wa.