Sọ́fítíwià Tí Mo Yọ Kúrò

Èmi ni mo yọ sọ́fítíwià owó ìfẹ̀yìntì kúrò lórí kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ wa.

Ọdún 2017 ni. Nínú oṣù Karùn-ún ni kòkòrò kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní WannaCry jà káàkiri ayé, tó ń ti fáìlì àwọn èèyàn pa, tó ń béèrè owó kó tó ṣí i. Microsoft ti gbé àtúnṣe tó lè dènà rẹ̀ jáde láti oṣù Kẹta, ṣùgbọ́n ta ni yóò tún kọ̀ǹpútà tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣe? Ẹ̀rù bà wá. A fi ètò kan sórí gbogbo kọ̀ǹpútà wa tó ń kó orúkọ sọ́fítíwià kọ̀ọ̀kan jọ, àti ọjọ́ tí wọ́n ṣí i kẹ́yìn. Iṣẹ́ tó dára ni, mo ṣì gbà bẹ́ẹ̀ dòní.

Òfin tí mo ṣe ló burú: ohun tí ẹnikẹ́ni kò bá ṣí fún 90 ọjọ́, kó kúrò. Láísẹ́ǹsì wọ́n, mo sì fẹ́ kí ọ̀gá rí iye tí mo bá wọn dín kù. Ní oṣù Kọkànlá, àkọsílẹ̀ fi hàn pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan sọ́fítíwià owó ìfẹ̀yìntì yìí. Mi ò bi ẹ̀ka ìṣirò owó léèrè. Mo yọ ọ́, mo nu kọ̀ǹpútà tó wà lórí rẹ̀, mo gbé e fún ẹlòmíràn.

Nígbà tí oṣù Kìíní dé ni mo tó mọ̀ pé oṣù náà nìkan ni wọ́n máa ń lò ó, láti fi ṣírò owó àwọn tó ti fẹ̀yìn tì. Kọ̀ǹpútà tí mo nù ni láísẹ́ǹsì rẹ̀ so mọ́. Àwọn tó ṣe é kò ta ẹ̀dà yẹn mọ́, tuntun kò sì lè ka fáìlì àtijọ́. Fáìlì wà lọ́wọ́ mi, kò ṣeé ṣí.

Màmá tó ń bójú tó ìwé owó ìfẹ̀yìntì ní, “O ò tilẹ̀ bi mí, ọmọ mi?” Mi ò rí èsì fún un. Inú bébà àtijọ́ ni wọ́n ti tún gbogbo rẹ̀ tẹ̀, alẹ́ lórí alẹ́. Àwọn àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ń wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń dúró de owó wọn. Bàbá kan ń bẹ̀bẹ̀ fún owó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó rò pé wọ́n ń fi òun ṣeré ni. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, mo jẹ́wọ́.

Nísinsìnyí, orúkọ ẹni tó ni iṣẹ́ wà níwájú sọ́fítíwià kọ̀ọ̀kan nínú àkọsílẹ̀ wa. Ọdún ìṣúná kan gbáko la fi ń ṣọ́ ọ, a ó sì bi onítọ̀hún léèrè kí a tó fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, àwọn àgbà kan kò rí owó wọn gbà títí di oṣù Kẹrin. Èmi ni mo fà á.