Ẹran Èjìká àti Iná Onísùúrù: Ohun tí Mo Rí ní Texas

Nígbà tí mo ń lọ kí àbúrò mi ní Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas ti Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí n mú ìròyìn bọ̀. Ti ilé gogoro àti afárá tí ó gun ara wọn lórí, ẹlòmíràn ti ròyìn rẹ̀ fún yín. Ẹran ni èmi fẹ́ sọ, ẹran màlúù tí kò wọ́n, àti bí mo ti fi ìkánjú bà á jẹ́ kí n tó mọ ọ̀nà rẹ̀.

Bàbá ìyàwó àbúrò mi ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Ọjọ́ orí Bàbá ti lé ní 80, eyín tí ó kù lẹ́nu wọn kò sì tó nǹkan. Bí a bá ń jẹun, Bàbá a máa ti ẹran inú ọbẹ̀ wọn sí ẹ̀gbẹ́ àwo, ọmọ-ọmọ wọn a na àwo tirẹ̀, wọn a sì kó o fún un. Wọn a ní àwọn ti yó. Gbogbo wa mọ̀ pé kì í ṣe yíyó. Ẹran tí ó rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ wà lọ́jà Houston, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò ṣe é gbọ́ sétí. Èjìká ni ìyàwó àbúrò mi ń rà. Èjìká ni màlúù fi ń rìn ká pápá láti àárọ̀ di alẹ́, ibi tí ó bá sì ń ṣiṣẹ́ lára ẹran ni ó máa ń le. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni adùn wà, ọ̀rá sì wà láàrin rẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé kan, àbúrò mi ní kí a yan èjìká náà bí àwọn ará Texas ti ń yan tiwọn. Ó ní àgbá irin onídèérí kan ní ẹ̀yìnkùlé. Ó dáná sí apá kan nínú rẹ̀, ó gbé ẹran kílò 2 sí apá kejì níbi tí ọwọ́ iná kò dé, ó ki tẹmómítà bọ inú ẹran, ó sì dé àgbá. Kò pẹ́ ni wọ́n pè é níbi iṣẹ́.

Ó ní, “Bọ̀dá mi, ẹ bá mi wo iná yìí. Ẹ má jẹ́ kí ó ju báyìí lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sì máa ṣí i.”

Mo ní kí ó máa lọ, ṣé èmi kò mọ iná ni? Ooru inú ẹran gòkè dáadáa títí ó fi dé nǹkan bí ìwọ̀n 70 ti Celsius. Ibẹ̀ ni ó dúró sí. Wákàtí kan kọjá, kò mira. Wákàtí kejì kọjá, ibẹ̀ náà ni ó wà. Bàbá yọjú lójú fèrèsé, wọ́n ní, “Àna mi, ṣé ó ti ń jinná?” Ojú tì mí. Mo rò pé iná ni kò tó, ni mo bá ṣí àgbá, mo kó igi sí i, mo fẹ́ ẹ. Iná ké ramúramù. Láìpẹ́ tẹmómítà sáré gòkè, inú mi sì dùn.

Ẹ̀yin ará, nígbà tí a gé ẹran náà, ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò, inú rẹ̀ sì gan bí àtẹ́lẹ̀sẹ̀ bàtà. Bàbá mú ẹyọ kan. Wọ́n jẹ ẹ́ títí, wọ́n sì rọra tu ú sínú ìwé ìnuwọ́. Wọ́n ní, “Ẹ ṣeun, àna mi, ó dùn.” Ìyàwó àbúrò mi kò sọ nǹkan kan. Ó kàn kó ìyókù lọ sínú ìkòkò ẹ̀gúsí, kí ó lè tún hó níbẹ̀.

Àbúrò mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Bọ̀dá mi, n ó mú yín dé ibi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n.” Ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e a gba ọ̀nà ìwọ̀-oòrùn. A ré odò Colorado kọjá ní Columbus, a sì dé Luling, ìlú kékeré tí wọ́n ti rí epo rọ̀bì ní 1922, níbi tí ẹ̀rọ tí ń fa epo ti ń mi orí láàrin ìlú bí adìyẹ tí ń ṣa àgbàdo. Láti ibẹ̀ a yà sí àríwá, a sì wọ Lockhart. Gbogbo ìrìn náà tó bí máìlì 150.

Lockhart kò tóbi. Ilé-ẹjọ́ àtijọ́ tí wọ́n fi òkúta kọ́ ní 1894 wà láàrin ìlú, aago sì wà lórí ilé-ìṣọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ojú tó rí aago náà, imú ti gbọ́ èéfín. Ní 1999, ilé aṣòfin Texas kéde Lockhart gẹ́gẹ́ bí olú-ìlú ẹran yíyan ní ìpínlẹ̀ náà. Ìdílé Kreuz ṣí ìsọ̀ ẹran wọn níbẹ̀ ní 1900, ìdílé Black ṣí tiwọn ní 1932. Ilé tí Kreuz lò látijọ́, Smitty’s ni wọ́n ń pè é láti 1999. A wọ inú rẹ̀. Èéfín ti sọ ògiri di dúdú. Ilẹ̀ẹ́lẹ̀ gan-an ni iná wà, lẹ́nu ààrò oníbíríkì gígùn, igi óákù sì ń jó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹran wà ní ọ̀nà jíjìn sí iná náà. Èéfín àti ooru ni ó ń tọ̀ ọ́ lọ.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ gbọ́ bí òwò yìí ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn alápatà tí ó ti Jámánì àti ilẹ̀ Ṣẹ́ẹ̀kì wá ni wọ́n ṣí ìsọ̀ ní àwọn ìlú wọ̀nyí ní ọ̀rúndún 19. Kò sí ẹ̀rọ amúǹkan-tutù, ẹran tí kò bá sì tà yóò bàjẹ́. Nítorí náà wọ́n ń kó èyí tí ó kù lórí àtẹ sórí èéfín. Àwọn tí ń ká òwú lóko, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ènìyàn dúdú àti ará Mexico, ni wọ́n ń rà á, orí bébà tí a fi wé e ni wọ́n sì ti ń jẹ ẹ́. Ọjà tí ìbá di àdánù ni ó sọ ìlú di olókìkí. Lónìí, igẹ̀ màlúù, tí owó rẹ̀ kéré púpọ̀ tẹ́lẹ̀, ti di ọba níbẹ̀. Aaron Franklin, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ta tirẹ̀ nínú ọkọ̀ àfàfà ní Austin ní 2009, gba ẹ̀bùn James Beard ní 2015, àwọn ènìyàn a sì máa tò láti òwúrọ̀ nítorí igẹ̀. Bí òkìkí igẹ̀ ti ń kàn ni owó rẹ̀ ń gòkè. Ìdí nìyí tí onílé bíi àbúrò mi fi mú èjìká.

Mo bi ọkùnrin kan tí ń ṣọ́ iná pé kí ni ẹran máa ń ṣe tí ooru rẹ̀ fi dúró sójú kan. Ó ní, “Ó ń làágùn ni.” Ọ̀rọ̀ náà yé mi lójú ẹsẹ̀, nítorí mo rántí àmù ìyá mi. Omi tí ń yọ lára àmù, bí afẹ́fẹ́ ti ń gbé e lọ, ni ó ń mú omi inú rẹ̀ tutù. Bẹ́ẹ̀ ni ẹran rí. Omi tí ń gbẹ kúrò lára rẹ̀ ń tù ú lójú, iná sì ń mú un gbóná, àwọn méjèèjì á wá ta ọ̀mì. Bí o bá ní sùúrù, iná ni yóò borí. Ní àkókò náà, okùn funfun tí ó so ẹran pọ̀ ń yọ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ó bá ti se bọ̀kọ̀tọ̀ mọ̀ ọ́n: bí kò bá pẹ́ lórí iná, omi rẹ̀ kì í lẹ̀ mọ́ ọwọ́. Iná ńlá kò lè yá a. Ẹran á kàn fún omi ara rẹ̀ dànù ni.

Nígbà tí a padà dé Houston, mo bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n tún fi ẹran lé mi lọ́wọ́. Ní alẹ́, a fi iyọ̀ àti ata dúdú, tí òun àti iyèré wa jẹ́ ìbátan, pa kílò 2 lára. Kò sí ohun mìíràn. Ní agogo 6 òwúrọ̀, a dáná èédú títí eérú fi bo ojú rẹ̀, a fi igi óákù gbígbẹ kan lé e, a sì gbé abọ́ omi sí abẹ́ ẹran. Èéfín tí ó dára a máa rọra lọ féérẹ́. Èyí tí ó funfun tí ó ki dùdù a máa mú ẹran korò. Igi tí a kùn ní ọ̀dà kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀ rárá. A jẹ́ kí ooru inú àgbá wà láàrin ìwọ̀n 110 sí 120. Nígbà tí ooru inú ẹran tún dúró ní 70, mo jókòó sórí ọwọ́ mi. Nígbà tí ara rẹ̀ ti pọ́n dáadáa, a fi bébà alápatà tí kò ní ìda wé e pinpin, kí ó má lè làágùn mọ́, a dá a padà. Nígbà tí ó tó nǹkan bí 95, irin tẹ́ẹ́rẹ́ wọ inú rẹ̀ bí ẹni pé mọ́ínmọ́ín ni. Agogo 2 ọ̀sán ti lu. A fi í sílẹ̀ nínú bébà fún wákàtí kan, a sì gé e ní ìdábùú iṣan rẹ̀.

Ọmọ-ọmọ Bàbá na àwo rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Bàbá fi ọwọ́ bo tiwọn. Wọ́n jẹ ẹyọ kan, wọ́n gbé e mì, wọ́n jẹ èkejì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Àna mi, ẹ bù sí i.” Ìyàwó àbúrò mi yí ojú sí ògiri.

Ẹ má ṣe fi èyí wé ẹran gbígbẹ tiwa o. Àjà òkè ààrò wa ń gbẹ omi ẹran kí ó lè pẹ́ nílẹ̀. Tiwọn ń rọ ẹran ni, kò sì gbọdọ̀ ju ọjọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ nínú fíríìjì. Ẹni tí ó bá fẹ́ dán an wò nílé, kí ó mú èjìká tí ó ní ọ̀rá, nítorí màlúù wa tí ń rin ọ̀nà jíjìn kì í sanra tó tiwọn, kí ó má sì gbàgbé abọ́ omi. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í nini lára. Mo ti gbọ́ òwe yìí láti kékeré. Ẹran ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá túmọ̀ rẹ̀ fún mi.